Tẹ́ Ẹ Bá Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Olúmọ, Níbo Lẹ Ti Fẹ́ Jẹun? Ìtàn Oúnjẹ Ìsàlẹ̀ Àpáta Wa

 

Ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ yọjú nínú àwọn gúrúùpù wa, pàápàá tí ọdún bá ti ń sún mọ́. Ẹnì kan á kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, mò ń mú àwọn àlejò bọ̀ láti Èkó wá gun Olúmọ ní Sátidé. Tá a bá sọ̀ kalẹ̀ tán, ibo la ti lè rí oúnjẹ gidi jẹ?" Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, èsì ti dé. Àwọn kan á dárúkọ ilé oúnjẹ ńlá tí ẹ̀ka rẹ̀ wà káàkiri Nàìjíríà, tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ò yàtọ̀ sí ohun tí àlejò yẹn fi sílẹ̀ l'Ékòó. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n yáa jẹun kí wọ́n tó kúrò nílé. Ẹnì kan ṣoṣo á sọ pé, "Ìyá kan máa ń se Ọ̀fadà lápá ìsàlẹ̀ ibẹ̀ o," ṣùgbọ́n kò ní mọ orúkọ ìyá náà, kò sì ní mọ̀ bóyá ó ṣì ń tà.

Ẹ má wo ìbéèrè yìí bí ọ̀rọ̀ ikùn lásán. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ní kí n kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa, torí pé ọ̀rọ̀ kan wà tá a fẹ́ bá yín sọ nípa ìsàlẹ̀ àpáta yẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Ilé ìdáná abẹ́ àpáta

Gbogbo wa la mọ̀ pé 1830 ni àwọn baba wa tẹ Abẹ́òkúta dó. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ láti Òwu ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá inú igbó ká. Àwọn tó ṣẹ́ kù forí pamọ́ sí Ìbàdàn fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ara ò rọ̀ wọ́n níbẹ̀. Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn wá síbi àpáta yìí. Kì í sì ṣe pé ilẹ̀ náà ṣófo pátápátá. Àwọn àgbà ṣì máa ń pe ìlú wa ní Oko Adágbà, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: oko ni wọ́n pè é. Ibi tí wọ́n ti ń wa oúnjẹ jáde ló wá di ibi tí wọ́n sá sí.

Tẹ́ ẹ bá ti gun Olúmọ rí, ẹ ti wọ inú yàrá abẹ́ àpáta tí àwọn èèyàn forí pamọ́ sí lásìkò ogun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ga díẹ̀, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri máa ń fi àwọn ihò kan han èèyàn lára àpáta ibẹ̀, wọ́n á ní inú rẹ̀ làwọn obìnrin ti ń lọ ohun tí wọ́n fi ń sebẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa máa ń ya fọ́tò níbẹ̀, a ó sì kọjá lọ síbi tí afẹ́fẹ́ wà lókè.

Ẹ dúró níwájú ihò yẹn díẹ̀ tẹ́ ẹ bá tún lọ. Ogun wà níta, ọmọ ń sunkún nínú òkùnkùn, síbẹ̀ ẹnì kan jókòó, ó ń lọ nǹkan ọbẹ̀. Orúkọ Ṣódẹkẹ́ ò lè parẹ́ láé, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó bọ́ àwọn jagunjagun wọ̀nyẹn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

Àpáta tó ń bá wa sá láfún

Wọ́n máa ń fi láfún ṣe wá yẹ̀yẹ́, àbí? Wọ́n ní tí wọ́n bá gbé Ẹ̀gbá dé òkè òkun, láfún lá máa bèèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn Pọtogí ló sì gbé e dé etíkun Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ìyá wa ló sọ ọ́ di láfún. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí tá á fi rọ̀, tá á sì kan. Wọ́n á fún omi ara ẹ̀ dànù, wọ́n á sá a sóòrùn títí á fi gbẹ ganrangandan, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun.

Ibo ni wọ́n ti ń sá a? Orí àpáta ni. Tẹ́ ẹ bá rìn wọ àwọn abúlé wa, ẹ ó rí àpáta pẹrẹsẹ tó funfun báláú, tẹ́ ẹ ó rò pé wọ́n fi ẹfun kùn ún. Àpáta máa ń mú oòrùn dáadáa, omi kì í dúró lórí ẹ̀, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Àpáta tó fi àwọn baba wa pamọ́, irú ẹ̀ náà ló ń bá wa gbẹ oúnjẹ wa. Torí náà, tí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ lórí Olúmọ tẹ́ ẹ sì gbé láfún àti ewédú síwájú ẹ̀, òkúta kan náà lẹ ṣì ń fi hàn án.

Ìrẹsì ló ṣáájú owó orí

Ọ̀fadà náà ní ìtàn tiẹ̀. Orúkọ ìlú ni, ìlú Ọ̀fadà tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Ìrẹsì tí wọn kì í bó di funfun tán ni. Tó bá ti ń hó lórí iná, òórùn ẹ̀ á ti sọ fún àdúgbò. Wọ́n á bù ú sínú ewé, wọ́n á da ọbẹ̀ ata lé e, èyí tí wọ́n fi epo pupa tí wọ́n yọ́ dáadáa, irú, ṣàkì, pọ̀nmọ́ àti ẹyin sè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ò mọ̀ ni pé ìrẹsì wà nídìí ìjà tó sọ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta di olókìkí káyé. Nílé ìwé, wọ́n kọ́ wa pé Arábìnrin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin jọ nítorí owó orí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ló ṣáájú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba amúnisìn ń wá oúnjẹ lójú méjèèjì. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń gba ìrẹsì mọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́jà wọ̀nyí gbé ẹjọ́ wọn wá bá ẹgbẹ́ Abẹ́òkúta Ladies' Club tí Arábìnrin Ransome-Kuti ń darí. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ni nígbà yẹn. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìjọba, wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn, gbígbà tí wọ́n ń gba ìrẹsì náà sì dáwọ́ dúró.

Láti ibẹ̀ ni àwọn tó kàwé àti àwọn ọlọ́jà ti rí i pé àwọn lè jọ ṣe nǹkan. Ẹgbẹ́ náà wá di Abẹ́òkúta Women's Union. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí dé ní 1947, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń jà. Ẹ mọ ibi tó parí sí: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, wọ́n sì dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà lónìí, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn obìnrin yẹn ni.

Àlejò ń pọ̀, owó ń kọjá

Rẹluwé ti so wá pọ̀ mọ́ Èkó àti Ìbàdàn láti 1901, nítorí náà àlejò kì í ṣe tuntun fún wa. Ṣùgbọ́n ti ìsinsìnyí yàtọ̀. Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè sí Olúmọ, wọ́n sì ṣe àtẹ̀gùn tó dáa. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, ibùdókọ̀ tiwa sì wà ní Láderin, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè. Èèyàn lè kúrò l'Ékòó láàárọ̀, kó gun Olúmọ, kó ra àdìrẹ ní Ìtòkú, kó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ wá bá mi wo bí owó ẹ̀ ṣe ń rìn. Owó tó san lẹ́nu géètì, àpò ìjọba ló lọ. Owó àdìrẹ, aládìrẹ gbà á. Owó oúnjẹ ńkọ́? Tó bá jẹun lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ, owó yẹn á dé ọwọ́ aláta, ẹlẹ́pò, ẹlẹ́ran àti eléwé kí ilẹ̀ tó ṣú. Tó bá fi ebi padà s'Ékòó, tàbí tó lọ jẹ bísíkíìtì, gbogbo àwọn yẹn pàdánù.

Ohun tá a ń bẹ̀ yín fún

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa gbà pé kí wọ́n palẹ̀ gbogbo búkà tó wà lágbègbè àpáta mọ́, kí wọ́n kọ́ ilé oúnjẹ ńlá kan síbẹ̀. Wọ́n ní ìdí o. Eṣinṣin wà, omi ìfọwọ́ ò tó, ilé ìyàgbẹ́ ṣòro rí, àlejò ò sì mọ iye tí wọ́n máa bù fóun. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ká má fi bò. Ṣùgbọ́n tá a bá lé àwọn ìyá yìí kúrò torí àìsí omi, kí la ṣe tó yàtọ̀ sí àwọn tó gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn? Omi ni wọn ò ní. Ẹ jẹ́ ká bá wọn wá omi. Lísàbí ò dá nìkan gba Ẹ̀gbá sílẹ̀, ẹgbẹ́ aáró ló fi ṣe é. Táǹkì omi, ilé ìyàgbẹ́ kan tó mọ́, páànù tó dáa àti pátákó tí wọ́n kọ iye oúnjẹ sí, kò kọjá agbára ẹgbẹ́ wa tá a bá jọ dá a.

Kó tó dìgbà náà, ẹ̀ka ọ̀dọ́ fẹ́ ṣe ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ lè fi ránṣẹ́ sí àlejò yín lórí fóònù. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ wa, tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti Olúmọ, kó fi nǹkan wọ̀nyí ránṣẹ́ sí wa:

1. Ibi tó wà gan-an, àti ohun tí èèyàn á fi dá a mọ̀.
2. Oúnjẹ tí wọ́n ń tà àti iye tí wọ́n ń tà á.
3. Aago tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ àti aago tí oúnjẹ fi ń tán. Ẹ má fojú kéré èyí, àlejò tó sọ̀ kalẹ̀ ní aago mẹ́ta lè bá ìkòkò òfìfo.
4. Bóyá omi ìfọwọ́ àti ibi ìjókòó wà.
5. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìyá tó ń tà á, ọdún tó ti ń tà á, àti ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó kọ èyí o.

Ìkarùn-ún yẹn ló jẹ mí lógún jù. A ò mọ orúkọ àwọn tó lọ ata nínú àpáta lọ́jọ́sí. Àwọn tó ń lọ̀ ọ́ lónìí ṣì wà láàyè, ẹ lè rìn lọ bá wọn lọ́la, kẹ́ ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ ra oúnjẹ, kẹ́ ẹ sì bèèrè.

Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹ̀ka ọ̀dọ́ kí oṣù yìí tó parí. Fọ́tò oúnjẹ náà dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì sí i.

 

Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́