Pẹpẹ Ìwé Tí Ó Ń Dúró De Àwọn Ọmọ 1955

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, tí àwọn ọmọ ń rọ́ wọlé bí omi òjò, ẹni tí ó bá gbé ìwé tí ó wà nílẹ̀ dè wọ́n lé ìwọ̀n yóò kọ́kọ́ yọ̀ kí ó tó mí kanlẹ̀. Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀ wà. Ìwé Fágúnwà ti ọdún 1938, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, wà pẹ̀lú, èyí tí, lójú tèmi, òun nìkan tó odidi pẹpẹ kan.

Ìtàn ilẹ̀ wa ni àlàfo gbé jinlẹ̀ jù. Lóòótọ́, Akínyẹlé ti tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá tí Àlùfáà Samuel Johnson, àrọ́mọdọ́mọ Aláàfin Abíọ́dún, parí ní 1897, tí ó sọnù mọ́ àwọn atẹ̀wé lọ́wọ́, tí Obadiah àbúrò rẹ̀ fi sùúrù tún kọ títí ó fi jáde ní 1921, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ọmọ kékeré kò sì lè kà á. Odò tí ó bá sì gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ní ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní èdè Yorùbá, ó wọ́n bí ojú.