Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò?

Oṣù kẹrin ọdún 2004 ni Google gbé Gmail jáde, ṣùgbọ́n ó di oṣù keje ọdún 2009 kí wọ́n tó yọ ọ̀rọ̀ náà «beta» kúrò lára rẹ̀. Ó lé ní ọdún márùn-ún tí àìmọye èèyàn fi ń gba lẹ́tà iṣẹ́ lórí ohun tí àwọn tó ṣe é ṣì ń pè ní iṣẹ́ tí kò tíì parí. Beta ni lẹ́tà kejì nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn Gíríìkì, alpha sì ni àkọ́kọ́. Kò sí èyí tó ń kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú méjèèjì pé fáìlì rẹ̀ lè sọnù.

Nígbà tí rédíò dé, ohun tó ń ṣe ni àwọn baba wa wò kí wọ́n tó pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Bí èèyàn bá ti gbọ́ orúkọ yẹn, ó ti mọ ohun tí òun lè retí. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fún alpha, beta àti àwọn ìpele yòókù tí áàpù ń gbà kọjá.

Ẹni tó se ọbẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kó tó bù ú fún àlejò. Nítorí náà, mo pe alpha ní ìtọ́wò abẹ́lé, torí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ló sábà máa ń lò ó, mo sì pe beta ní ìtọ́wò ìta. Àwọn kan ń pè é ní ìdánwò, èyí kò sì tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Bí Yorùbá bá gbọ́ ìdánwò, ilé-ìwé ló ń wá sí i lọ́kàn, á sì rò pé òun ni wọ́n fẹ́ dán wò. Ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò ní ẹnu láti sọ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù.

Ohun tí àwọn tó ṣe áàpù sì ń wá gan-an nìyẹn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú-ewé áàpù tó ní ẹ̀yà beta lórí Play Store, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń pè yín pé kẹ́ ẹ dara pọ̀. Bí ẹ bá ti wọlé, ohun tí ẹ bá kọ nípa rẹ̀ kò ní hàn sí gbogbo ayé mọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe áàpù náà nìkan ló ń lọ. Asọ̀rọ̀-gbèsì ni irú áàpù bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sú yín, ẹ ó jáde, ẹ ó yọ áàpù náà kúrò, ẹ ó sì tún un gbé sórí fóònù. Ohun tí ẹ kò bá ti fi pamọ́ síbòmíràn lè bá a lọ. Fóònù tí ẹ fi ń gba owó ọjà kọ́ ni kí ẹ fi ṣe é.

Chrome tilẹ̀ ní èyí tó léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, Canary, tí wọ́n fi orúkọ ẹyẹ sọ. Irú ẹyẹ yẹn ni àwọn awakùsà èédú ní Britain máa ń gbé wọ inú ihò títí di ọdún 1986, torí òun ni afẹ́fẹ́ olóró máa ń kọ́kọ́ dá dùbúlẹ̀. Ìtàn yẹn kò sí lọ́kàn wa. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí ẹyẹ, ẹyẹ aláràbarà lásán ni òǹkàwé máa rí. Ẹ̀yà ìfarawewu ni kó máa jẹ́.

Ẹ̀yà àdúróṣinṣin, èyí tí wọ́n ń pè ní stable, ló kàn, ṣùgbọ́n kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n máa ń pín in díẹ̀díẹ̀, kí àṣìṣe tó bá wà níbẹ̀ má bàa kan gbogbo èèyàn pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ ẹni fi lè ti máa lo ohun tuntun lórí WhatsApp, tí tẹni ò sì tíì jáde.

Fún ìpele ìkẹyìn, èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ tó dára, kógbá wọlé. Nígbà tí Google kéde ní oṣù kẹta ọdún 2013 pé àwọn máa ti Reader, ibi tí èèyàn ti ń ka ìròyìn láti oríṣiríṣi ojú-ewé, pa, ó ń kógbá wọlé nìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ ṣì lè lò ó, ṣùgbọ́n àsìkò ti tó láti kó ẹrù yín. Nígbà tó di oṣù keje, ó ti kógbá wọlé. «Ń» àti «ti» ti fi ìyàtọ̀ ohun tó ń parí lọ àti ohun tó ti parí hàn, ojú fóònù ló kù tí mo fẹ́ rí wọn, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti kéde.