Láti Ilé Iṣẹ́ dé Ẹ̀yìnkùlé: Ìtàn Ọ̀dà Tó Wà Lára Ọkọ̀ Gọ́ọ̀fù

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ gọ́ọ̀fù tó ti gbó kùn. Ẹni náà á ra àlòkù, á tú ara ọkọ̀ kúrò lórí irin tó gbé e dúró, á fi sáńpépà yún un, á fín ọ̀dà tuntun sí i, ó parí. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti àtijọ́, fáíbàgíláàsì ni ara rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó ń wò ó lókèèrè á ní iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ lásán ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó lè dán iṣẹ́ yìí wò nílé, nítorí pé ọkọ̀ náà kò tíì sí, ohun tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ kò tíì sí, agolo tó ń fín ọ̀dà náà kò sì tíì sí. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni bí gbogbo wọn ṣe dé ẹ̀yìnkùlé, àti ohun tí wọ́n gbàgbé sí ilé iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń bọ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà ń wọn epo bẹntiróòlù fún aráàlú. Ọ̀wọ́n epo yìí ló mú kí Merle Williams, ará Long Beach ní ìpínlẹ̀ California, kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ kékeré tó ń lo bátìrì. Nígbà tó di 1951, ilé iṣẹ́ rẹ̀, Marketeer, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tí wọ́n ń lò lórí pápá gọ́ọ̀fù. E-Z-GO tẹ̀ lé e ní 1954, ní Augusta, ìpínlẹ̀ Georgia. Harley-Davidson náà wọ ọjà yìí ní 1963, kò sì jáde níbẹ̀ títí di 1982. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, Harley tó ń ṣe alùpùpù yẹn náà ni mò ń wí! Ṣùgbọ́n èyí tó gbàfiyèsí mi jù ni ohun tí wọ́n ṣe ní 1962, ọdún kan ṣáájú: wọ́n ra ìpín tó pọ̀ jù nínú ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọkọ̀ ojú omi ní ìlú Tomahawk, ìpínlẹ̀ Wisconsin. Kí ni oníalùpùpù fẹ́ fi oníṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ṣe? Ìdí ni pé àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló mọ fáíbàgíláàsì í ṣe dáadáa nígbà yẹn.

Fáíbàgíláàsì fúnra rẹ̀, àṣìṣe ló bí i. Ní 1932, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dale Kleist ń ṣiṣẹ́ ní Owens-Illinois. Ó fẹ́ lẹ díńgí méjì pọ̀, ni afẹ́fẹ́ tó ń ti inú ọ̀pá jáde bá fẹ́ díńgí yíyọ́ náà ká, ó di fọ́nrán wẹ́wẹ́ bí òwú. Nígbà tó di 1938, wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ Owens-Corning sílẹ̀ nítorí fọ́nrán yìí. Nígbà tí ogun dé, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ rẹ́sìn, oje tó máa ń le bíi pákó bí wọ́n bá po èròjà mìíràn mọ́ ọn, wọ́n sì fi ṣe ìbòrí rédà lára ọkọ̀ òfurufú. Ní 1942, Ray Greene fi ṣe ọkọ̀ ojú omi ní Toledo, ìpínlẹ̀ Ohio. Nígbà tí Chevrolet gbé Corvette jáde ní 1953, ọ̀ọ́dúnrún péré ni wọ́n ṣe lọ́dún yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi to wọn pọ̀, funfun sì ni gbogbo wọn. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ gbọ́ pé mọ́tò lè má jẹ́ irin.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tó fẹ́ kun ọkọ̀ nílé. Irin máa ń dógùn-ún. Fáíbàgíláàsì kì í dógùn-ún, ìdí nìyẹn tí ara ọkọ̀ gọ́ọ̀fù àtijọ́ fi ṣì wà títí dòní. Ṣùgbọ́n láti ìta wá sínú ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìda pa inú mọ́ọ̀dù kí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á wá da ìpele rẹ́sìn aláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní gelcoat sí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó tẹ́ aṣọ díńgí àti rẹ́sìn lé e lẹ́yìn. Tó bá le tán, wọ́n á yọ ọ́. Nítorí náà, ojú tí ẹ ń rí lára ọkọ̀ náà kì í ṣe ọ̀dà rárá nígbà mìíràn. Gelcoat ni, ìda mọ́ọ̀dù sì lè ṣẹ́ kù sára rẹ̀, ká má tíì sọ ìda tí olówó ọkọ̀ fi ń dán an fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún.

Ìdí rèé tí ẹni tó mọṣẹ́ fi máa ń fọ ọkọ̀ náà, tó sì máa ń fi oògùn nu ìda àti ọ̀rá kúrò kó tó fọwọ́ kan sáńpépà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ yún un, ẹ ti ti ìda náà wọnú ojú ibi tí ẹ họ nìyẹn, ọ̀dà yòówù tí ẹ bá lé e á máa ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Bí gelcoat bá sán bí okùn aláǹtakùn, dídí i lókè lásán kò tó: wọ́n á la ojú ibi tó sán náà fẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi fílà dí i, bó bá sì sán já, wọ́n á lẹ aṣọ díńgí àti rẹ́sìn mọ́ ọn láti ẹ̀yìn. Páráímà ló tẹ̀ lé e, sáńpépà tó kúnná, kí àwọ̀ tó dé. Gbogbo ìlànà yìí ló wá láti inú bí wọ́n ṣe ń yọ ọkọ̀ ojú omi nínú mọ́ọ̀dù.

Ọ̀dà ní ìtàn tirẹ̀, ogun ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń kun mọ́tò, ìpele lórí ìpele, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gbẹ tán. Ìdí kan nìyí tí Ford fi rọ̀ mọ́ dúdú nìkan láti 1914 sí 1925. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, DuPont ní ìmọ̀ àti ẹ̀rọ púpọ̀ lọ́wọ́ fún nitrocellulose, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn. Wọ́n sọ ọ́ di ọ̀dà tí wọ́n pè ní Duco, General Motors sì lò ó lára mọ́tò Oakland ní 1923. Ọ̀dà yìí yára gbẹ débi pé búrọ́ọ̀ṣì ò lè bá a rìn dáadáa, fífín ló kù. Ẹ̀tù ìbọn ló wá di àwọ̀ búlúù lára mọ́tò! Ṣùgbọ́n nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì lọ, tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ dé, ọ̀dà kúrò ní ohun tí ọwọ́ ń fọwọ́ kàn, ó di ohun tí imú ń fà.

Agolo tẹ̀ lé e. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, Lyle Goodhue àti William Sullivan ṣe agolo tó ń fín oògùn ẹ̀fọn fún àwọn ọmọ ogun. Ní 1949, Edward Seymour ti ìlú Sycamore, ìpínlẹ̀ Illinois, fi ọ̀dà sínú irú agolo bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Bonnie, ìyàwó rẹ̀, ló dá àbá náà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹni tí kò ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ náà lè fín ọ̀dà.

Èyí tó lágbára jù, tó sì ń dán jù lónìí, ni ọ̀dà urethane tó ní hádínà. Otto Bayer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ló ṣàwárí kẹ́míkà rẹ̀ ní 1937. Isocyanate wà nínú hádínà náà, ó sì wà lára ohun tó ń fa àìsàn asthma jù lọ láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ti mú ní ara lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ péré lè tún fún un lọ́nà èémí lọ́jọ́ iwájú. Ohun tí mo ní wọ́n gbàgbé sí ilé iṣẹ́ nìyí. Ní 1970, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó dá OSHA sílẹ̀ láti dáàbò bo òṣìṣẹ́. Ní ilé ìkunmọ́tò tó bá dára, ẹ ó rí yàrá tó ń fa èéfín síta àti ìbomú tó ń gba afẹ́fẹ́ tútù láti ibòmíràn. Òfin yẹn kò bá ẹni tó ń kun ọkọ̀ ara rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé. Agolo kan wà báyìí tó ní bọ́tìnnì nísàlẹ̀: tẹ̀ ẹ́, hádínà á dà pọ̀ mọ́ ọ̀dà nínú, o sì ní ohun tí wọ́n ń fín ní ilé iṣẹ́ lọ́wọ́. Ìbomú aláṣọ kò dá èéfín rẹ̀ dúró. Àwọn pẹ́ńtà ẹ̀bá títì nílẹ̀ wa tí wọ́n ń so àkísà mọ́ imú kò yàtọ̀ sí ẹni náà níbi tọ́rọ̀ dé yìí.

Nígbà mìíràn òfin máa ń dé, ṣùgbọ́n á pẹ́. Methylene chloride, oògùn tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà àtijọ́, pa àwọn èèyàn nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò sí, kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fòfin de títà á fún aráàlú gẹ́gẹ́ bí oògùn ìbọ́dà ní 2019. Fún ẹni tó ń kun fáíbàgíláàsì, oògùn yẹn kò wúlò láti ìbẹ̀rẹ̀: ó ń jẹ rẹ́sìn pẹ̀lú. Sáńpépà ló yẹ, omi díẹ̀ lórí rẹ̀ kí eruku díńgí má baà fò, àti ìbomú gidi.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gọ́ọ̀fù tuntun ti kúrò ní fáíbàgíláàsì, ike ni wọ́n fi ń ṣe ara wọn báyìí, páráímà tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ti àtijọ́ ló kù fún àwọn aláfọwọ́ṣe. Bí ẹ bá ń yún igun ọ̀kan lára wọn, ẹ lè bá àwọ̀ tí olówó ìṣáájú fín pàdé, kí ẹ tún bá ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀, lẹ́yìn náà gelcoat, lẹ́yìn gelcoat, aṣọ díńgí.