Àwo Orin ní Yàrá Ìgbàlejò Ará Ìbàdàn

Bí àlejò bá wọ ilé òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Bódìjà ní nǹkan bí ọdún 1965, ohun tí ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bà ni àpótí onígi dídán kan tí ó gùn tó àga ẹni méjì. Rédíò wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń yí àwo orin sì wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Wọn a tẹ́ aṣọ funfun tí a fi ọwọ́ hun lé e lórí, wọn a sì gbé àwòrán ìgbéyàwó baálé ilé ka orí aṣọ náà. A ó bu omi fún àlejò, a ó fún un ní obì, lẹ́yìn èyí ni baálé ilé yóò wá ká aṣọ kúrò, tí yóò bèèrè pé, “Èwo ni kí n fi sí i fún yín?” Ìbéèrè kékeré ni lójú ẹni tí kò mọ̀. Láti inú ìdáhùn rẹ̀ ni a ti ń mọ irú ẹni tí àlejò jẹ́, ibi tí ó kàwé dé, àti bóyá ó ṣì rántí ilé.

Àwa tí a ń kọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá ti ṣe wàhálà púpọ̀ lórí oríkì, ìjálá, rárà àti ẹkún ìyàwó tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Iṣẹ́ rere ni. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ ka àwo orin mọ́ ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wádìí, nígbà tí ó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni ohùn àwọn tí ó ti kú kí a tó bí wa wà.

Ní ọdún 1922 ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ará Abẹ́òkúta, wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì kọ orin Yorùbá 43 sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ó kú ní ọdún 1930, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò bá a lọ. Gbogbo ayé ni ó mọ Fẹlá, ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó máa ń dùn mọ́ mi láti rán àwọn ọ̀dọ́ létí pé bàbá àgbà ni ó kọ́kọ́ dé iwájú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, Odeon ti Jámánì, Parlophone àti HMV, wá olórin kiri Èkó. Abíbù Olúwa kọ sákárà sínú àwo. Túndé King kọ jùjú ní ọdún 1936. Àyìndé Bákàrè tẹ̀ lé e ní ọdún 1937.

Àwo ìgbà náà le, ó sì wúwo. Oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi wà lára ohun tí a fi ń ṣe é. Ìgbà 78 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ó di àpáàdì. Ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ tí ó tóbi jù ni pé ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ẹni tí ó ti mọ́ lára láti máa ki ènìyàn láti alẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, tí ó máa ń dúró kí wọ́n lẹ owó mọ́ òun níwájú orí kí ó tó bọ́ sí orílẹ̀ tí ó kàn, ni wọ́n wá ní kí ó sọ gbogbo rẹ̀ tán kí àwo tó kún. Ó ní láti yan. Ó fi orúkọ ẹni tí ó ń yìn síwájú, ó gé ìtàn kúrú, ó sì fi òwe kan ṣoṣo dí àyè òwe mẹ́ta. Èrò tèmi ni pé púpọ̀ nínú ohun tí a ń yìn ní ọnà èdè nínú orin ìgbà náà, àìráyè ni ó bí i.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ilé iṣẹ́ àwọn Òyìnbó sì rọ́ jọ sí ìhà Dùgbẹ̀. Ní ọdún 1939 ni asọ̀rọ̀mágbèsì wọ ìlú. Orúkọ tí àwọn baba wa fún un bá a mu: ohun tí àwọn tí ó wà ní ìdí rẹ̀ bá fẹ́ ni ó ń sọ, bí ó bá sì pa ẹnu mọ́, onílé kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Àwo orin ni ó fi agbára yíyàn sí ọwọ́ ẹni tí ó wà nínú ilé. Nígbà tí Yunifásítì dé ní 1948, tí a dá àjọ tí ń kọ́ ilé fún Ìwọ̀ Oòrùn sílẹ̀ ní 1958, tí Bódìjà sì tẹ̀ lé e, àwọn tí ń gba owó oṣù wá ní iná mànàmáná àti yàrá ìgbàlejò tí wọ́n lè gbé ẹ̀rọ náà sí.

Kí ni wọ́n ń gbọ́? Háíláìfù ni, ti Victor Ọláìyá, ti Roy Chicago, àti ti Eddy Okonta tí ó fi òtẹ́ẹ̀lì Paradise ní Ìbàdàn ṣe ibùjókòó. Wọ́n ń gbọ́ Jim Reeves, ará Amẹ́ríkà tí ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní 1964. Jùjú kò tètè rí àyè jókòó nínú àwọn yàrá wọ̀nyí, nítorí pé orin ìdí ẹmu ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan kà á sí. I. K. Dáírò gbé Salome jáde ní 1962. Ní 1963, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá, ara àwọn ọ̀mọ̀wé náà sì wálẹ̀. N kò mọ ìdí tí a fi ní láti dúró de oyè láti òkè òkun kí a tó gbọ́ ohun tí ọmọ wa ń sọ. Ní ilé tí a gbé tọ́ mi ní ìhà Ring Road, Jim Reeves ni ti àlejò. Bí àlejò bá ti dágbére, ìyá wa yóò sọ láti ilé ìdáná pé, “Ẹ yọ ìyẹn kúrò, ẹ fi Hárúnà sí i.”

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ju fàájì lọ. Ní ọdún 1964, Hubert Ògúǹdé ṣe eré Yorùbá Ronú. Inú bí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n sì fi òfin dè é pé ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní ilẹ̀ náà. Ó di ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba, kí òfin náà tó ká. A lè ti ilé eré pa. A lè dí ẹnu rédíò. Ṣùgbọ́n orin náà ti wà lórí àwo, ọlọ́pàá wo ni yóò sì máa fi etí lé fèrèsé ilé kọ̀ọ̀kan?

Ní Amẹ́ríkà, ní 1948, ni àwo gbọọrọ tí ojú rẹ̀ kan lè gba ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti jáde. Nígbà tí ó gbilẹ̀ láàárín wa, olórin tún rí àyè mí. Ebenezer Obey àti Sunny Adé wá ń fi orin kan bọ́ sínú òmíràn láìdánudúró títí ojú àwo kan yóò fi tán. Hárúnà Ìṣọ̀lá àti Dáírò dá ilé iṣẹ́ àwo tiwọn, Star, sílẹ̀ ní 1969, kí èrè má baà máa lọ sí àpò ẹlòmíràn. Ní 1971 ni Hárúnà gbé Òròkí Social Club jáde. Èyí tí ó kan àwa jù ni pé ewì pẹ̀lú wọ inú àwo. Ọlánrewájú Adépọ̀jù àti Túbọ̀sún Ọládàpọ̀ fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé, wọ́n sì ń kéwì sínú àwo. Ògúndáre Fóyánmu sun ìjálá sínú tirẹ̀. Ẹni tí kò ra ìwé ewì kan rí láyé rẹ̀ ra ewì ní ọjà.

Kásẹ́ẹ̀tì dé, ó lé àwo. Síídì lé kásẹ́ẹ̀tì. Nísinsìnyí, inú fóònù ni àwọn ọmọ Àgbowó ti ń gbọ́ orin. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ kó àwo rẹ̀ dà sí ẹ̀yìnkùlé nígbà òjò. Mo ṣa mọ́kànlá níbẹ̀. Ìwé àárín ọ̀kan ti bó, n kò mọ olórin, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àpàlà ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wá gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó bá a níbi tí ó ti ń yí. Olórin náà ń ki oníṣòwò kan ní Dùgbẹ̀, ó dárúkọ baba rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, ó sọ agbo ilé tí ó ti wá. Ọmọ náà gbé ìwé sílẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tún un fi sí i. Bàbá bàbá mi ni ó ń kì.”

Mo gbé abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.