Odò Platte àti Ojú Ọ̀nà Márosẹ̀ I-80 ní Ìpínlẹ̀ Nebraska

Èrò tí ó wọ́pọ̀ nípa ọ̀nà márosẹ̀ Interstate 80, tí ó la ìpínlẹ̀ Nebraska já ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni pé odò Platte ni ó yan ojú ọ̀nà náà, tí àwọn ẹnjiníà sì kàn tẹ̀lé e. Òtítọ́ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n kò kárí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé ibi tí ọ̀nà náà ti yà kúrò lẹ́bàá odò ṣe pàtàkì fún òpìtàn ju ibi tí ó ti bá odò rìn lọ.

Kí a kọ́kọ́ fún odò ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àfonífojì Platte tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí lédè Faransé nìyẹn. Àwọn ẹ̀yà Oto náà ń pè é ní omi pẹrẹsẹ lédè tiwọn, inú ìpè yìí ni orúkọ Nebraska sì ti jáde. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn aṣíkiri tí ń lọ sí Oregon gba ìhà gúúsù odò; àwọn Mormon gba ìhà àríwá láti 1847. Láàrin 1865 sí 1867, ojú irin Union Pacific gba ìhà àríwá kan náà, Lincoln Highway sì tẹ̀lé e láti 1913. A kò gbọdọ̀ gbójú fò ó pé ilẹ̀ yìí ní onílẹ̀. Àdéhùn 1833, 1848 àti 1857 ni wọ́n fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Pawnee, kí wọ́n tó kó wọn lọ sí ibi tí a ń pè ní Oklahoma lónìí ní àárín àwọn ọdún 1870.

Ní ọjọ́ 29 oṣù June 1956, Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí òfin tí ó mú kí ìjọba àpapọ̀ máa san 90 nínú 100 owó irú àwọn ọ̀nà báyìí. Láti ẹ̀bá Grand Island lọ sí ìwọ̀-oòrùn títí dé agbègbè Big Springs, I-80 bá Platte àti ẹ̀ka rẹ̀ ti gúúsù rìn. Ṣùgbọ́n ní ìlà-oòrùn Grand Island, odò yà sí àríwá, ojú irin sì bá a yà, ó gba Columbus àti Fremont kọjá. I-80 kò yà. Ó na gbọnrangandan fún nǹkan bí máìlì 70 sí ọ̀dọ̀ Lincoln, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà láti 1867, kí ó tó forí lé Omaha. Odò kọ́ ni ó pa àṣẹ yìí. Ní èrò tiwa, ipò olú-ìlú àti iye ènìyàn ni ó pa á. Columbus àti Fremont, tí ojú irin sọ di ìlú, wá bá ara wọn lẹ́yìn odi ọ̀nà tuntun. Ní 1988 ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó fọwọ́ sí ètò ọ̀nà mìíràn tí yóò so irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ mọ́ I-80, iṣẹ́ náà sì falẹ̀ ju bí wọ́n ti ṣèlérí lọ.

Níbi tí ọ̀nà náà ti bá odò rìn pàápàá, kì í wọ àárín ìlú. Ọkọ̀ ojú irin ń wá omi àti ibùdókọ̀, nítorí náà ó ń bí ìlú lójú ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ kò wá nǹkan kan lọ́wọ́ ìlú, ibi àbáwọlé tí òfin yàn nìkan ni a sì lè gbà wọ̀ ọ́. Gúúsù ni ó gbà kọjá lára Kearney àti Lexington. Ilé epo àti ilé ìtura ni ó wá bá a lójú ọ̀nà. Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi gbé ọ̀nà náà sókè, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ wọn, omi abẹ́ ilẹ̀ sì sun kún àwọn kòtò náà. Ẹni tí ń pẹja nínú adágún wọ̀nyẹn lónìí lè rò pé odò ni ó ṣe wọ́n.

Ní ọjọ́ 19 oṣù October 1974, wọ́n parí ẹyọ tí ó kù nínú máìlì 455 náà nítòsí Sidney, Nebraska sì di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó parí ojúlówó ọ̀nà Interstate tirẹ̀. Ọmọ ojú irin ni Sidney fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tuntun náà gba gúúsù rẹ̀ kọjá.