Irin Ayé Àtijọ́ Nílẹ̀ Ọ̀ṣun

Ní ìlú Novgorod nílẹ̀ Rọ́ṣíà, àìmọye kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo onírin ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú jáde. Ẹ̀yà àgádágodo ń yí padà láti ìran dé ìran, débi pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè fi ẹyọ kan ṣoṣo sọ ìgbà tí ilẹ̀ tí wọ́n ti hú u jẹ́. Láàrin ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ń rọ ìwọ̀nyí lọ́hùn-ún, owú ń dún ní Ilé-Ifẹ̀ náà. Àmọ́ látìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti kan àwọn orí idẹ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, idẹ ni gbogbo ayé ń yìn. Irin kò rí ẹni sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bó ṣe yẹ.

Ìpẹtà wà lára ohun tó fà á. Ilẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí lọ́dọọdún máa ń jẹ irin; idẹ ní tirẹ̀ lè pẹ́ nínú rẹ̀. Èyí tó sàn jù nínú irin Ifẹ̀, orí ilẹ̀ ló wà.

Ẹ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta akọ tó ga tó mítà 5.5. Ìṣó irin ni wọ́n tò sí i lára. Ìṣó kì í sì í wọ irú òkúta bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ dá ihò sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo Ìdènà, ère òkúta aṣọ́nà Igbó Orè. Ó káwọ́ sí ikùn, ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn. Ìṣó irin ni wọ́n fi ṣe irun orí rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ àti agbẹ́kùúta ló jọ ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ẹnì kan. Ní ààfin Ọọ̀ni, odidi irin kan wà tó rí bí ẹ̀kán omi, tí wọ́n ń pè ní Ògún Ládìn. Ìtàn ní Ògúnládìn ni alágbẹ̀dẹ Odùduwà.

Ibo ni irin Ifẹ̀ yìí ti wá? Ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí tó ń ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti yọ́ irin, ló máa ń jẹ́rìí. Lọ́dún 2003, àwọn olùwádìí Akin Ige àti Thilo Rehren tẹ ìwádìí wọn jáde lórí irin yíyọ́ ní Modákẹ́kẹ́ ní Ifẹ̀, níbi tí yanrìn dúdú ti wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò. Ṣáájú wọn, ní 1904, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Bellamy ti kọ̀wé nípa Ọlá-Ìgbì lẹ́bàá Ọ̀yọ́, abúlé tí ìléru ṣì ń jó nígbà náà, tí irin yíyọ́ sì jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ará ibẹ̀.

Ẹni tó bá gba ìlú Ara láti Ẹdẹ lọ sí Èjìgbò ti ń wọ agbègbè irú iṣẹ́ yìí, torí Ìsúndúnrin tó lókìkí fún irin yíyọ́ wà lágbègbè Èjìgbò. Èédú tó bá há sínú ìdàrọ́ lè fi ọ̀rúndún tí wọ́n dáná náà hàn. Ẹ̀yin àgbẹ̀, bí ọkọ́ bá kan ìdàrọ́, ẹ má kó o dà sí kòtò ojú ọ̀nà. Ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ sì pe àwọn awalẹ̀pìtàn.