Èèrà Ló Kọ́kọ́ Mọ̀ Ọ́n: Ìtàn Àtọ̀gbẹ

Ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ ni a fẹ́ kà lónìí. Ẹ ka orúkọ náà jẹ́jẹ́: à-tọ̀-gbẹ. Ẹni tí ó ní i a máa tọ̀ ṣáá, òùngbẹ a máa gbẹ ẹ́, ara rẹ̀ a sì máa gbẹ. Àwọn kan ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà.

Àwọn àgbà máa ń wo ibi tí èèrà bá ṣù bo ìtọ̀ ènìyàn. Kì í ṣe àwa nìkan. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ó ju ọdún 1500 lọ tí àwọn oníṣègùn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtọ̀ àwọn aláìsàn kan dùn bí oyin, èèrà sì ń wá a. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de èèrà o. Kí ṣúgà tó hàn nínú ìtọ̀, ó lè ti pẹ́ tí ó ti ń ba ara jẹ́.

Níbo ni àìsàn náà ti ń wá? Ní 1889, ní ìlú Strasbourg tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, dókítà méjì, von Mering àti Minkowski, yọ ẹ̀yà kan kúrò nínú ara ajá. Ẹ̀yà náà fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù. Ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ láìdábọ̀, ṣúgà sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Àkàsà tí a jẹ, gàrí tí a mu, ṣúgà ni púpọ̀ nínú wọn ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà yìí ń ṣe omi kan tí à ń pè ní ínsúlínì. Òun ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti wọ inú ẹran ara, kí ó di agbára. Bí kò bá sí, tàbí bí ara kò bá gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀, ebi á sì máa pa ara. Nítorí náà, ẹni tí kò fẹ́ràn ṣúgà rárá lè ní àtọ̀gbẹ.

Láyé ìgbà yẹn, ọmọdé tí ó bá ní i, ikú ni. Ní 1921, Banting àti Best rí omi náà fà jáde lára ajá ní Toronto, ní Kánádà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní 1922, wọ́n gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ti rù kan egungun. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò ṣe dáadáa. Collip tún oògùn náà sẹ́, wọ́n tún un gún ní ọjọ́ 23, ṣúgà sì wálẹ̀. Ó lo ọdún 13 sí i láyé. (Ọdún 1922 yẹn náà ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè nítòsí wa.) Dọ́là kan péré ni àwọn tí ó ṣe oògùn náà gbà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga Toronto. Ó dùn mí pé ó ṣì wọ́n lọ́wọ́ tálákà títí di òní.

Àwọn dókítà òyìnbó kan ti kọ ọ́ nígbà kan pé àtọ̀gbẹ ṣọ̀wọ́n lára ènìyàn dúdú. Osuntokun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Ìbàdàn wádìí rẹ̀. Ní 1971 wọ́n tẹ ìwé jáde lórí aláìsàn 832. Àtọ̀gbẹ wà láàárín wa.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti àgbàlagbà, tí ara kì í gbọ́ ti ínsúlínì. Jẹ́jẹ́ ni ó ń wọlé. Ojú á máa ṣú, ẹsẹ̀ á kú. Ẹ̀gún á gún ni lóko, a kò ní mọ̀. Egbò kò ní jiná, wọn á ní ó tẹ oògùn mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti ile babaláwo kan dé òmíràn tán, gígé ni ó lè kù.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á gún ìka yín láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Bí ṣúgà bá tó gíráàmù 1,26 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, tí wọ́n tún un wò tí ó sì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà náà hàn yín, kí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ sínú ìwé yín.